Ẹni Tó Ru Ẹrù Ló Ni Ọ̀nà

Mo fi ojú ara mi rí ọba ìlú wa tó yà sínú koríko kí ọmọbìnrin kan tó ru ìkòkò omi lè kọjá. Ọdún ìjẹṣu ni. Mo lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, mo wà láàárín àwọn ọmọdé tó ń tẹ̀lé ọba lọ sí ahoro, níbi tí ìlú wa wà kí ogun tó lé àwọn baba wa kúrò. Ẹsẹ̀ ni ọba fi ń rin ìrìn yẹn lọ́dọọdún. Ọ̀nà náà tóóró, ẹnìkan ṣoṣo ló gbà, koríko sì ga ju orí ènìyàn lọ ní ọ̀tún àti òsì. Níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́ la ti gbọ́ ohùn ọmọ náà: "Àgò o." Ẹmẹ̀wà tó ṣáájú jágbe mọ́ ọn pé ṣé kò mọ ẹni tó ń bọ̀ ni. Ọba ní, "Fi í sílẹ̀. Ẹrù ló rù." Ó gbé ẹsẹ̀ sínú koríko, gbogbo wa sì yà tẹ̀lé e. Ọmọ náà kọjá láàárín wa, omi ń ta sí i léjìká, kò kúnlẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí ọba padà sójú ọ̀nà, èèmọ́ ti lẹ̀ mọ́ etí agbádá rẹ̀, ó sì ń ṣa á kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń lọ.

Mo ń sọ èyí fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa nítorí pé ẹ ti ń béèrè ìdí tí èmi àti ìyàwó mi fi ń bá ọkọ̀ ẹlòmíràn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì mi ni. Wọn kò tíì gbà á lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n wọ́n lè gbà á láìpẹ́. Ẹ sì mọ ohun tí láísẹ́ǹsì yẹn jẹ́ fún wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé, ni wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi nítorí àìsàn kíndìnrín. Farmers Branch, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas, là ń gbé lọ́dọ̀ Títí ọmọ wa. Ilé ìtọ́jú náà wà lẹ́yìn àdúgbò Vickery Meadow, nínú Dallas. Nọ́ọ̀sì ni Títí, iṣẹ́ àárọ̀ ló ń ṣe. Ọkọ rẹ̀ ń bá ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Èmi ni awakọ̀. Láti ọjọ́ tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, Títí ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, àwọn ara ìjọ ló ń pín iṣẹ́ náà ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ti ń gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ nítorí wa. Kò sọ fún mi, mo gbọ́ ni.

Ní ìlú wa lápá Òkè Ògùn, kò sí iná ojú pópó, kò sí ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kọ òfin ọ̀nà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin wà. Ẹni tó ru ẹrù ló ni ọ̀nà. Tí ẹrù bá pàdé ẹrù, èyí tó wúwo jù ló ni ín. Tí a kò bá mọ èyí tó wúwo jù, ẹni tó ń gun òkè ló ni ín, ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ ni yóò yà. Aboyún, ẹlẹ́rù ni. Ìyá tó pọn ọmọ, ẹlẹ́rù ni. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀. A kì í bi ẹni tó ru ẹrù ní ìbéèrè tó gùn, a kì í sì í retí pé kó kúnlẹ̀ kí àgbà. Ìwọ tí ọwọ́ rẹ ṣófo ni wàá kọ́kọ́ kí i pé, "Ẹ kú ẹrù o," bí o tilẹ̀ tó ẹni tó lè bí bàbá rẹ̀.

Ìró ọ̀nà yẹn kò tíì kúrò létí mi. Láàárọ̀, kí oòrùn tó yọ, ẹ ó gbọ́ "Àgò o" láti ọ̀nà odò, ẹ ó gbọ́ "Ó yà o" tí ẹni tó yà fi ń dáhùn. Ẹ ó gbọ́ ẹsẹ̀ lásán lórí iyanrìn tútù, ẹ ó gbọ́ igi ìdáná tó ń dún bó ṣe ń fi ara gbo ara lórí òṣùká. Ẹni tó mọ etí í lò á mọ ẹni tó ń bọ̀ kó tó yọ. Ìyá mi a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a ní, "Ìyá Àlàó ló ń bọ̀ yẹn, epo ló rù." Ẹni tó ru epo kì í sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń fà nílẹ̀.

Epo yẹn ló kó mi sí ìyọnu lọ́jọ́ kan. Mo ń yí táyà kẹ̀kẹ́ lọ lójú ọ̀nà, mo gbọ́ àgò, mo rò pé mo lè kọjá kó tó dé kọ́rọ́. N kò kọjá. Ìdajì epo Ìyá Àlàó ló dà sílẹ̀. Bàbá mi kò nà mí. Ó ní, "Ta ló ni ọ̀nà?"

Mo ní, "Ẹni tó ru ẹrù."

"Ìwọ ńkọ́, kí lo rù?"

"N kò ru nǹkan kan, sà."

"Wàá ru nǹkan."

Ọjọ́ ọjà mẹ́ta ni mo fi ru epo tẹ̀lé Ìyá Àlàó. Ní ọjọ́ ọjà kejì a pàdé olóyè kan tó ń bọ̀ láti oko. Ó wo epo, ó wo ojú mi, ó ní, "Ṣé ọmọ tó da epo nù nìyí?" Ìyá Àlàó ní òun ni. Olóyè náà rẹ́rìn-ín, ó sì yà fún mi. Ẹlẹ́bi ni mí, ó mọ̀, síbẹ̀ ó yà. Òfin wa kì í béèrè ìdí tí o fi ru ẹrù.

Títì ọlọ́dà ló kọ́kọ́ fẹ ọ̀nà náà. Inú gbogbo ìlú dùn, èmi náà jó lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Àwọn awakọ̀ lọ́rì àkọ́kọ́ ṣì mọ òfin. Wọ́n á rọra fún ẹlẹ́rù, wọ́n á yọ orí jáde ní fèrèsé, wọ́n á ní, "Ẹ kú ẹrù o." Nígbà tí ọkọ̀ pọ̀ sí i, ìyẹn dín kù. Nígbà tí àwọn ológun dé pẹ̀lú fèrè àti iná orí ọkọ̀, ó parí. Mo ti di oníròyìn ní Ìbàdàn nígbà náà. Wọ́n rán mi lọ ròyìn ìbẹ̀wò ọ̀gágun kan, mo sì bá obìnrin kan nínú gọ́tà pẹ̀lú igi ìdáná rẹ̀ lára, ó ń fi ìró nu ẹ̀jẹ̀ ojúgun. Mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ sójà tó dúró níbẹ̀. Ó ní, "Ṣé kò gbọ́ fèrè ni?" Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Kò jáde nínú ìwé ìròyìn.

Nígbà tí mo lọ sin àbúrò mi, mo fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà odò yẹn. Odò ṣì wà, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ ni wọ́n ń lò báyìí, ẹnikẹ́ni kò lọ síbẹ̀ mọ́. Mo ké "Àgò o" ní kọ́rọ́ kí n lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gun ọ̀kadà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Bàbá, ṣé ara yín le? Ta lẹ̀ ń pè?" Mo ní n kò pe ẹnikẹ́ni. Ó gbé mi délé, kò gba owó.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Dallas, ohun kan yà mí lẹ́nu. Tèmi, ọmọ Títí, ṣì kéré, a máa ń dúró de bọ́ọ̀sì ilé ìwé rẹ̀ létí títì. Ẹ̀yin kò kà á sí, ẹ ti bá a níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì náà dúró, ó na apá pupa tí wọ́n kọ "dúró" sí, gbogbo ọkọ̀ sì dúró, àwọn tó ń lọ àti àwọn tó ń bọ̀. Ọkọ̀ ńlá tó kó irin dúró. Ọkọ̀ olówó ńlá dúró. Ọkọ̀ ọlọ́pàá kan wà lẹ́yìn wọn, òun náà dúró títí Tèmi fi wọlé tó jókòó. Mo sọ fún ìyàwó mi pé mo tún ti rí ọba tó yà sínú koríko. Ó ní, "Ẹ ti bẹ̀rẹ̀." Bóyá ìdùnnú ọjọ́ yẹn ló tàn mí. Mo rò pé òfin wa àti tiwọn jẹ́ ọ̀kan.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀, ojú ọjọ́ mọ́. A ń lọ síbi ìtọ́jú. Títì tí à ń wí yìí fẹ̀, ọkọ̀ mẹ́ta lè lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí mẹ́ta mìíràn máa bọ̀. Èmi wà ní ọwọ́ ọ̀tún pátápátá. Iná pupa dá wa dúró. Obìnrin kan dúró létí títì lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ó di aṣọ fífọ̀ sínú aṣọ ibùsùn, ó gbé e rù, ìdì náà fẹ̀ ju èjìká rẹ̀ lọ. Kò fi ọwọ́ dì í mú. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí irú ọrùn bẹ́ẹ̀.

Iná tiwa di gíríìnì.

"Bàbá Títí, ẹ máa lọ," ìyàwó mi wí.

"Ṣé o ò rí obìnrin yẹn ni?"

"Mo rí i. Mo rí iná náà pẹ̀lú."

"Ẹrù ló rù."

"Ẹrù tó ti rù débí yìí, ó lè rù ú fún ìṣẹ́jú kan sí i. Ẹ máa lọ, wọ́n ń fọn fèrè lẹ́yìn wa."

Ọwọ́ mi ti gòkè nígbà náà. Mo fi pe obìnrin náà pé kó máa bọ̀. Ó fi ojú kí mi, ó sì sọ̀kalẹ̀ sójú títì. Bó ṣe kọjá imú ọkọ̀ mi, ọkọ̀ kan ń bọ̀ ní ọ̀nà àárín, gíríìnì ni tirẹ̀ náà, ọkọ̀ mi sì bo obìnrin náà mọ́ ọn lójú. Mo gbọ́ táyà tó ń han. Obìnrin náà fò sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ ṣubú, aṣọ rẹ̀ fọ́n ká orí títì. Ọkọ̀ náà dúró ní ìwọ̀n apá kan sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan kọ lu ìdí ọkọ̀ wa. Ìyàwó mi kò fara pa, àmọ́ wákàtí méjì la pẹ́ kí wọ́n tó so ó mọ́ ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ lù wá ń lẹ táyìsì ilẹ̀ fún àwọn onílé, láti àdúgbò Pleasant Grove ló ti ń bọ̀. Ìdajì táyìsì tó kó ló fọ́. Kò bínú púpọ̀. Ó ní, "Iná ni mo ń wò, sà. N kò wo ọwọ́ yín."

Ọlọ́pàá tó wá jẹ́ obìnrin, kò tíì tó Títí lọ́jọ́ orí. Ó béèrè bóyá mo ríran dáadáa. Mo ní mo ríran. Ó ní àwọ̀ wo ni iná náà. Mo ní gíríìnì. Ó gbé bírò kúrò lórí ìwé.

"Ẹ rí i pé gíríìnì ni, ẹ wá dúró?"

"Ẹrù ló rù."

Kò yé e. Mo ṣàlàyé, ó sì fara balẹ̀ gbọ́ mi, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí mo kọ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì, ìwé ẹ̀sùn tó kọ fún mi, kí n má bàa gbàgbé: "Gíríìnì kì í ṣe tiyín nìkan, sà, tí ẹ fi lè fi tọrẹ. Ti gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn yín ni, àti ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tí kò rí ohun tí ẹ rí." Ó fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì pé mo dí ọ̀nà. Ó sì kọ̀wé sí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì pé kí wọ́n tún mi dán wò.

Èyí tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ obìnrin náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, a lọ kí i ní apátímẹ́ǹtì rẹ̀ ní Vickery Meadow. Ará Congo ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń túmọ̀ fún wa. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà nínú báńdéèjì. Yàrá òtẹ́ẹ̀lì ló ń tún ṣe, dókítà sì ti ní kó má ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo bi í léèrè ìdí tó fi sọ̀kalẹ̀ nígbà tí iná tirẹ̀ pupa.

Ó ní, "Àgbàlagbà pè mí. Ní ilé wa, tí àgbà bá pè ọ́, o kì í dúró wo iná."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tí a ń jáde, ó sọ nǹkan, ọmọ rẹ̀ sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó túmọ̀ rẹ̀: "Màmá ní, lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ kí òun, kí ẹ máa lọ."

Àwọn àgbà ní, bí a ti ń ṣe níbí, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Mo ti mọ òwe yẹn láti kékeré, mo ti fi bá ẹlòmíràn wí pàápàá. Ọ̀nà tí wọ́n fi tọ́ mi gba ẹnìkan ṣoṣo. Nígbà tí ọba yà, ara tirẹ̀ ló yà, èèmọ́ lẹ̀ mọ́ aṣọ tirẹ̀. Èmi jókòó sínú ọkọ̀, mo gbé ọwọ́ sókè, ara ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi yà. Ẹni tó wà ní ọ̀nà àárín kò gbọ́ àgò. Ẹnikẹ́ni kò ké e fún un. Níbí, iná yẹn ló ń ké àgò, ó ń ké e fún gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ru ẹrù àti ẹni tí kò rù.

Mo sọ èyí fún ìyàwó mi nínú ọkọ̀ ará ìjọ tó ń gbé wa lọ síbi ìtọ́jú. Ó ní, "Bàbá Títí, ẹ sì gbàgbé ohun kan. Ẹ̀yin náà ru ẹrù lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹrù wo?"

"Èmi. Ẹ̀jẹ̀ tí wọn ò tíì fọ̀. Ó yẹ kí ẹ béèrè èyí tó wúwo jù."

Mo gba àpò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e lé itan mi títí a fi débẹ̀.

Tèmi ló ń kọ́ mi báyìí, ní Sátidé lọ́sàn-án, ní gbàgede ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, àfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Ọwọ́." Ìgbàkígbà tí ẹnìkan bá ń rìn bọ̀ pẹ̀lú àpò lọ́wọ́, ọwọ́ mi á fẹ́ kúrò lórí síárìn. "Ọwọ́, Bàbá Àgbà." Màá dá a padà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá oníwàásù wa gbé ìkòkò ọbẹ̀ kọjá níwájú wa. Mo di síárìn mú títí eegun ọwọ́ mi fi yọ. Tèmi ní mo ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n kí n máa mí.

Adájọ́ kóòtù ìlú ti gbọ́ ẹjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí n lọ jókòó ní kíláàsì ìwakọ̀ fún ọjọ́ kan, tí mo bá mú ìwé ẹ̀rí wá, òun á fagi lé e. Mo ti lọ, mo ti mú un wá. Ti ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì ló kù. Mo pè wọ́n lórí fóònù, Tèmi jókòó tì mí. Mo béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó dáhùn pé, tí ìdánwò bá ń lọ lọ́wọ́, tí iná tèmi jẹ́ gíríìnì, tí ẹnìkan sì dúró létí títì pẹ̀lú ẹrù wúwo lórí, kí ni kí n ṣe?

"Ṣé ó ti wọ ojú títì?"

"Rárá. Ó ń dúró ni."

"Ẹ máa lọ, sà. Òun náà máa rí iná tirẹ̀."

"Tí mo bá dúró ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni ìdánwò á parí sí."

Ó ní wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ojú mi wò, lẹ́yìn náà ni ìbéèrè orí ìwé, lẹ́yìn náà ni títì. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi, aago mọ́kànlá, ṣé wọ́n lè yí ọjọ́ padà. Ó ní àyè tó tún ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn jẹ́ oṣù méjì sí i, wọn kò sì ní fún mi láyè láti wakọ̀ títí dìgbà náà. Mo ní kí ó fi í sí Ọjọ́bọ̀. Ó ní kí n mú ìyàwó mi dání, kó jókòó sí yàrá ìdúró, kí n sì mú ẹlòmíràn tó ní láísẹ́ǹsì wá. Tí mo bá yege, èmi ni màá wa ọkọ̀ kúrò ní ọgbà wọn lọ síbi ìtọ́jú. Tí n kò bá yege, wọ́n á gba láísẹ́ǹsì mi níbẹ̀, ẹni tó bá wa wá ni yóò gbé àwa méjèèjì lọ.